Àtẹ̀gùn Irin Ilé Wa ní Kotobabi

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun ni kí n máa gba irin lọ́wọ́ ìpẹtà. Abẹ́ ọkọ̀ tírélà, ikùn táńkà epo, òpó irin tó gbé táńkì omi dúró, ohunkóhun tí afẹ́fẹ́ òkun Àkrà bá ti ń jẹ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n á pè mí, èmi náà á kó búrọ́ọ̀ṣì onírin àti ọ̀dà mi dé. Ọ̀dà ni mo kọ́kọ́ ń tà lọ́jà Okaishie, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìyá mi, kí n tó tẹ̀lé àwọn oníbàárà mi kan dé Tema lọ wo ohun tí wọ́n ń fi ọ̀dà mi ṣe. Mo rí i pé jágbajàgba ni wọ́n ń kùn ún. Mo sì sọ fún wọn, ẹnu mi kì í gba ọ̀rọ̀ dúró. Wọ́n ní bí mo bá mọ̀ ọ́n ṣe, kí n gba búrọ́ọ̀ṣì. Mo gbà á, n ò sì tíì dá a padà fún wọn dòní.

Ilé tí wọ́n bí mi sí wà ní Kotobabi, nínú Àkrà. Ilé Aláta ni àwọn ará Gánà tó wà ládùúgbò ń pè é, nítorí Yorùbá ni gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Yàrá pọ̀ nísàlẹ̀, wọ́n yí àgbàlá ká. Lókè, yàrá kan ṣoṣo ló wà, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ilé ìwẹ̀ kékeré. Ìyá mi ló ni ín. Bàbá mi tó ti kú ló kọ́ ọ fún wọn. Wẹ́dà ni bàbá mi, irin jíjó pọ̀ ni wọ́n fi ń jẹun, nítorí náà wọn ò bá sìmẹ́ńtì wáhàlà lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ra irin ara ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n tú ní Tema, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn jó o pọ̀, ìpele lórí ìpele, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà ìyàwó wọn.

Ìdí àtẹ̀gùn yìí ni gbogbo ilé ti ń ṣe àlùwàlá. Ìpele kejì ga tó àpótí ìjókòó, ti àkọ́kọ́ sì dára láti gbé ẹsẹ̀ lé. Bí wọ́n bá ti pe ìrun báyìí, ẹnì kan á ti jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú búútà, àwọn yòókù á tò. Gbogbo ìrun ni omi ń dà sí ẹsẹ̀ irin yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀nà tí omi náà ń gbà lọ. Bí Iléyá bá sì kù sí dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń so àgbò mọ́, àgbò á máa tọ̀ sí i. Kí ọdún tó dé, àwọn ọkùnrin ilé á wá ra ọ̀dà aláwọ̀ ewé, wọ́n á kùn ún láti òkè dé ìsàlẹ̀, á máa dán. Ọ̀dà lórí ọ̀dà, lọ́dọọdún. Kò sẹ́ni tó ha ti àtijọ́ kúrò rí. Èmi ti wà nílé ọkọ ní Tema kí n tó kọ́ṣẹ́ yìí, ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń wá kí ìyá mi, ọ̀dà tó ń dán ni mo sì ń bá. Obìnrin tó bá sì ní òun fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ọ̀dà ọdún, wọ́n á ní ó ti gbé ìgbéraga Tema dé.

Nígbà dọ́msọ̀, àwọn ọdún tí iná ìjọba máa ń lọ látàárọ̀ dalẹ́ kó tó rántí wa, ìyá mi ò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ìgbà ọyẹ́ ló bẹ̀rẹ̀. A rò pé òtútù ni. Ọyẹ́ lọ, òjò dé, wọn ò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní orúnkún ni. Wọ́n so okùn mọ́ korobá, wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Bí a bá fi kẹ́ńkè àti ẹja sínú rẹ̀, wọ́n á fà á sókè. Korobá yẹn ló ń gbé gaàrí, òun ló ń gbé oògùn, òun náà ló ń gbé fóònù wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó bá níná. Bí ọmọ ilé kan bá sì dáṣà gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn, ariwo á ta: "Ta nìyẹn? Ta ló ń gùn bọ̀? Padà, mo ní padà!" Èmi nìkan ni wọ́n ń gbà láàyè lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n á sì dúró tì mí látòkè: "Gba ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo ní o, àbí etí rẹ di?"

Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló dé. Obìnrin tó jẹ́ pé ní Okaishie, wọ́n lè fi ẹ̀rín ta ọjà tí kò dára fún ẹni tí kò fẹ́ rà, wá di ẹni tó ń lé ọmọ ọlọ́mọ. Mo ra òrí, mo ń fi pa orúnkún wọn. Orúnkún ò wú, kò gbóná, wọ́n sì ń forí kanlẹ̀ lórí ìrun, wọ́n ń dìde wuyẹ́. Wọ́n ní òrí ló ń ṣiṣẹ́. Mo ní a dúpẹ́.

Àbúrò mi ọkùnrin ni dáwódù ilé wa. Ó ti padà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tipẹ́, ibẹ̀ ló ti ń ṣòwò, ibẹ̀ ló gbé ìyàwó. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ korobá, ó pè mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Ìyá tí kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé ara wọn, kí ló kù tí wọ́n ń ṣe ní Gánà? Bí Iléyá bá ti kọjá, mò ń bọ̀ wá mú wọn lọ sílé." Mo fẹ́ bá a jà. Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé ìjà kì í wọ́n mi. Ṣùgbọ́n ìyá tí wọ́n ń fi korobá bọ́, kí ni n bá sọ?

Mo gòkè lọ sọ fún wọn. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ń fi ọwọ́ pa ẹní tí wọ́n jókòó lé. "Ibí ni mo bí gbogbo yín sí," wọ́n ní. "Ibí ni bàbá yín sùn sí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí ikú ò tíì mú, Kotobabi yìí náà ni wọ́n wà. Ta ni n ó máa bá sọ̀rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyàwó ọmọ mi tí kò tíì gbọ́ ohùn mi ju orí fóònù lọ?" Omi bọ́ lójú wọn, wọ́n yára fi ìborùn nù ún.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nígbà náà, Màámi. Kó bá yín nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀rọ̀ á tán."

"Orúnkún mi ń kọ́?" Wọ́n sì yíjú sí ògiri.

Bí Iléyá ṣe ń sún mọ́lé, mo bá àwọn ọkùnrin ilé nídìí àtẹ̀gùn pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù ọ̀dà aláwọ̀ ewé wọn. Inú mi ò dùn lọ́jọ́ yẹn, mo kàn ń wá ẹni tí n ó kanra mọ́ ni. Mo ní kí wọ́n dúró, kí n kọ́kọ́ ha á. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo mú òòlù kékeré láti inú ọkọ̀ mi, mo kan ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ti ọwọ́ òsì. Irin tó dá ṣáṣá máa ń dún gan-gan. Èyí dún bí ẹni kan páálí. Mo tún kàn án, ọ̀dà ya bàràkàtà, ó nípọn bí awọ ìsàlẹ̀ bàtà, ìpẹtà pupa sì ń dà láti ẹ̀yìn rẹ̀ bí èlùbọ́. Nígbà tí mo kàn án lẹ́ẹ̀kẹta, òòlù wọlé.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wọn. Kò sí irin níbẹ̀ mọ́. Ọ̀dà ọdún ló ń di ara rẹ̀ mú.

"Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣe àlùwàlá níbí," mo ní. "Ẹ lọ ṣe é lẹ́bàá gọ́tà."

Bàbá tó dàgbà jù nínú ilé, tí yàrá wọn kọjú sí àtẹ̀gùn, gbọn orí. "Omi àlùwàlá nìyẹn, ọmọ mi. Omi mímọ́ ni. Báwo ni omi mímọ́ ṣe máa ba irin jẹ́?"

"Omi mímọ́ ni, Bàbá. Irin ni ò mọ̀ pé ìrun lẹ fẹ́ kí."

Wọ́n ní àfojúdi ni. Mo ní àfojúdi náà ni, ṣùgbọ́n ẹ gbé búútà yín. A ṣì ń fa ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ nígbà tí ohùn ìyá mi sọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, jẹ́jẹ́, kì í ṣe ohùn tí wọ́n fi ń lé èèyàn.

"Ẹsẹ̀ ọwọ́ òsì ni, àbí?"

Mo gbójú sókè. Ibi tí wọ́n dúró sí, wọn ò lè rí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ìpele bò ó. Kò sì sẹ́ni tó tíì dárúkọ òsì tàbí ọ̀tún.

Mo gbé àkàbà ti ògiri, mo gùn ún lọ bá wọn. Mo jókòó sórí ẹní, mo ní kí wọ́n bá mi sọ òótọ́.

"Ìgbà ọyẹ́ yẹn, mo ń sọ̀ kalẹ̀ fún ìrun alàásárì. Ó mì lábẹ́ mi. Kì í ṣe bó ṣe máa ń mì tẹ́lẹ̀. Ó wọlẹ̀ díẹ̀, ó sì ké. Mo padà sókè, n ò tún tẹ̀ ẹ́ mọ́."

"Orúnkún ń kọ́?"

"Kò sóhun tó ṣe orúnkún mi."

"Haa! Màámi! Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Kí n sọ, kí wọ́n gé e dà nù? Bàbá yín ló jó o. Ọjọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n ní kí n gùn ún wò, wọ́n dúró sísàlẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi. Bí mo bá sọ ọ́, gbogbo ilé á máa wí pé iṣẹ́ bàbá yín ti bàjẹ́. Mo ní kó kúkú jẹ́ orúnkún tèmi ló bàjẹ́."

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lé àwọn ọmọ, kí àtẹ̀gùn má baà wó pa wọ́n. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń darí mi sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí irin ṣì le. Inú bí mi, ẹkún sì ń gbọ̀n mí náà. Mo ní, "Ẹ fẹ́ jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tán nítorí irin?"

"N ò ní lọ. Mo ń ronú ohun tí n ó ṣe."

"Kí lẹ wá rí?"

"N ò tíì rí i," wọ́n ní, ni àwa méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Mo ṣèlérí fún wọn pé n ò ní gé àtẹ̀gùn bàbá mi. Iṣẹ́ wọn ò bàjẹ́, omi ló jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan ni n ó pààrọ̀.

Mo fi okùn di ẹnu àtẹ̀gùn. Iléyá dé, ó lọ, wọ́n so àgbò mọ́ igi lọ́dún yẹn, àwọn kan sì ń kùn sí mi títí ẹran fi jinná. Wẹ́dà kan tí í ṣe ọmọ Gà, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Tema, gbà láti bá mi jó ẹsẹ̀ tuntun, ṣùgbọ́n iná ò sí. Jẹnẹrétọ̀ tó wà ládùúgbò ò lè gbé ẹ̀rọ rẹ̀. Á wá láàárọ̀, á jókòó, á jẹ wáákyé, á padà. Nígbà tí àdúgbò ké "Láìtì aba o!" pé iná ti dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi ni mo kọ́kọ́ sáré. A fi igi ti àtẹ̀gùn náà dúró, ó gé ẹsẹ̀ tó jẹrà kúrò, ó jó irin tuntun sí i, a sì gbé e lé orí sìmẹ́ńtì tó ga díẹ̀ nílẹ̀, kí omi má tún ráyè bá a gbé.

Iṣẹ́ tèmi wá kù. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bí ìpẹtà kan bá ṣẹ́kù lábẹ́ ọ̀dà, àsán ni ọ̀dà. Mo ha àtẹ̀gùn náà látòkè dé ìsàlẹ̀ títí irin fi funfun. Mo fi omi tútù fọ̀ ọ́, torí iyọ̀ òkun kì í hàn sójú. Ó gbẹ, mo fi tínà nù ún kí ọ̀rá má baà kù lára rẹ̀, láti ìgbà yẹn n ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ lásán kàn án. Mo wá po ọ̀dà onígólò méjì, èyí tí wọ́n ń da ọ̀kan mọ́ èkejì kó tó lè gan. Etí irin àti ojú ibi tí a jó ni mo kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀dà máa ń sá kúrò, ibẹ̀ sì ni ìpẹtà kọ́kọ́ ń wá. Ó gbẹ, mo tún un kùn. Àwọ̀ ewé náà ni mo fi parí rẹ̀, kí wọ́n má baà ní mo pa àṣà ilé rẹ́. Ìyá mi ń wò mí látòkè, wọ́n ń sọ ibi tí mo fò, mo sì ń dá wọn lóhùn pé ẹ jẹ́ n ṣiṣẹ́ mi. Irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ kì í kánjú. Ó fẹ́ ọ̀sẹ̀ kan kó tó gan tán, ẹsẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Òjò sì ń ṣú, mo fi tapólì bò ó.

Àárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni àbúrò mi dé. Ó wọlé, ó bá okùn lẹ́nu àtẹ̀gùn, ó bá àkàbà lára ògiri, ó bá ìyá wa tí ń fa korobá ẹ̀kọ sókè. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ̀gbọ́n mi, àtẹ̀gùn lẹ̀ ń kùn fún ẹni tí kò lè gùn ún?" Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní ìtàn ni, arúgbó ń pa ìtàn kí wọ́n má baà mú wọn kúrò. Ó ní òun ti gba àga méjì sínú ọkọ̀ Sátidé, òun á gun àkàbà lọ pọ̀n wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

"Ìyàwó rẹ ni kó o pọ̀n!" ìyá mi dáhùn látòkè. "Bó o bá fọwọ́ kàn mí, n ó ké sí gbogbo Kotobabi."

Níkẹyìn ó ní, "Ó dáa. Bí wọ́n bá fẹsẹ̀ ara wọn sọ̀ kalẹ̀ kó tó di Sátidé, n ò ní jiyàn mọ́. Bí wọn ò bá lè ṣe é, à ń lọ." Mo ní mo gbà. Òru wo ni mo sùn lẹ́yìn ìyẹn? Èmi mọ ìgbà tí ọ̀dà mi máa gan. Ẹsẹ̀ tí kò tíì tẹ àtẹ̀gùn láti ọyẹ́, n ò mọ ìgbà tirẹ̀.

Ní Jímọ̀, mo fi èékánná tẹ ọ̀dà náà, kò gbà á. Èmi àti wẹ́dà gùn ún, a fò lórí rẹ̀, kò mira. Mo tú okùn. Ìyá mi jáde sí ẹnu òkè, wọ́n di irin ìdìmú mú, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan sọ̀, wọ́n sì tún fà á padà. Gbogbo ilé dúró, wọ́n ń wò. Wọ́n tún gbé e, wọ́n tún fà á padà. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, kedere, mo sì mọ̀ pé kò sí ọ̀dà tí mo lè fi kun ìyẹn. Àbúrò mi wo ilẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń wò?" ìyá mi pariwo lójijì. "Ṣé ẹ ò rí arúgbó rí ni? Gbogbo yín, ẹ kọjú sí ògiri!"

A kọjú sí ògiri lóòótọ́, àtàgbà àtọmọdé. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí irin, ọ̀kan, ìdákẹ́jẹ́, òmíràn. N ò lè fara dà á, mo yọjú. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà. Nígbà tí wọ́n dé àárín, wọ́n sún sí ọwọ́ òsì, wọ́n sì gba òsì náà dé ilẹ̀. Wọn ò dúró gba ìkíni ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọjá lára àbúrò mi, wọ́n gba ẹnu géètì jáde, ó di ilé ọ̀rẹ́ wọn tó wà ní òpópónà kejì. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n wà. Àbúrò mi ló gbé sálúbàtà wọn, tó ń sáré tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tó padà, ó jókòó tì mí. Ó wá ní, "Mo ti kọ́ yàrá fún wọn nílé. Ìsàlẹ̀ ni. Mo ní kí ọ̀gbẹ́ni bíríkìlà má ṣe ìpele kankan sí i, àní ẹnu ọ̀nà pàápàá." Ó fi ọwọ́ bo ojú. Láti ìgbà tí inú ti ń bí mi sí i, n kò mọ̀ pé àárò ìyá wa ló ń sọ ọ́.

Ní Sátidé, ìyá mi ní àwọn á sìn ín dé ibùdókọ̀, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Wọ́n wọnú ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n jókòó sórí àga tó gbà fún wọn, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. Dẹ́rẹ́bà ní kí ẹni tí kò bá lọ bọ́ sílẹ̀. Wọn ò dìde. Dẹ́rẹ́bà tún un wí, ó sì tan ọkọ̀. Ìgbà náà ni wọ́n tó fi ọwọ́ ra orí ọmọ wọn, wọ́n ṣàdúrà fún un, wọ́n sì bọ́ sílẹ̀ bá mi. Bí ọkọ̀ ṣe ń jáde, mo rí àbúrò mi láti ojú fèrèsé. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé orí àga náà, ó wò ó, ó sì tún gbé e kúrò.